Ohun Tí Gerôncio Sọ Tí A Kò Gbọ́

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́, kó sún mọ́ mi, kó sì nu etí rẹ̀ mọ́, nítorí etí ló jìyà jù nínú èyí. Deusarina ni orúkọ mi. Kíláàsì kejì ni mo ti já ilé-ìwé jù sílẹ̀, mo bá ìyá mi wọ igbó ọ̀pẹ babasú lọ fọ́ èkùrọ́. Àáké ló kọ́ mi ní sùúrù, orin ló kọ́ mi ní ìyókù. Bí ẹ bá gbé èkùrọ́ babasú lé ẹnu àáké tí ẹ fi itan tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹ fi kùmọ̀ lù ú, tí ẹ kò sì kọrin sí i, ìka yín ni yóò fọ́. Orin náà nìyí:

Fọ́, kí n rí ọ, olórí kunkun,
Fọ́, kí n rí ọ.
Ohun tó wà níkùn rẹ funfun ju eyín ọmọge,
Fọ́, kí n rí ọ.

Ednalva ni ọmọ tí mo gbé dé ibi omi ìsàmì, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Madrinha, ìyá ìsàmì, tí àwọn òbí rẹ̀ sì ń pè mí ní Comadre. Lindaura ìyá rẹ̀ àti èmi ti ń jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ kan náà láti ìgbà tí ọyàn wa ṣì le. Gerôncio bàbá rẹ̀ lọ wa góòlù ní Suriname nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́rìnlá. Ó ní òun yóò padà nígbà àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́. Iná àjọ̀dún mẹ́fà la dá, Gerôncio kò dé. Kí ó tó lọ, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, ó ní, “Lindaura, Comadre Deusarina, ẹ gbọ́ o. Kí ẹnikẹ́ni má fa ọmọ yìí lé ọkùnrin lọ́wọ́. Ẹnu èmi fúnra mi ni yóò sọ ọ́.”

Bí a sì ti ń ṣe é ní abúlé wa, Centro do Firmino, nìyẹn. Ọkùnrin á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí a lọ̀, á dúró níwájú bàbá, á béèrè. Bàbá á dáhùn, ẹlẹ́rìí á gbọ́. Ìwé kọ́, orí mímì kọ́. Ohun tí etí kò bá gbọ́, a kò tíì fi fúnni.

Ó wá di ọdún tí ìjọba kó kọ̀ǹpútà mẹ́fà wá sínú ilé-ìwé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ògbólógbòó ni wọ́n. Ètò tó wà nínú wọn, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ènìyàn káàkiri ayé ló jọ kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣí inú rẹ̀ wò kó tún un ṣe. Inú mi dùn sí ìyẹn. Bí orin wa ló ṣe rí: kò sẹ́ni tó ni ín, ẹni tó bá mọ ẹsẹ̀ kan á fi kún un. Ṣùgbọ́n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló yadi. Kò sí ohùn lẹ́nu wọn rárá.

Josivan ni wọ́n rán láti ìlú Bacabal kó máa fi wọ́n kọ́ wa. Ó gùn bí ọ̀pá ìpẹja, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé mi ló ń gbé, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tí n kò mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Ednalva gbé agbọ̀n èkùrọ́ kọjá níbẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ méjì gbọọrọ tó yọ lábẹ́ tábìlì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé nǹkan yín sọnù síbẹ̀ ni?”

“Ohùn ló sọnù,” Josivan dáhùn láti abẹ́ tábìlì.

“Ohùn ta ni?”

“Ti kọ̀ǹpútà yìí. Ó ń kọ̀wé, ó ń yàwòrán, ó ń ṣe gbogbo nǹkan, kò kàn lè fọhùn.”

“Bí ọkọ ìyá mi àgbà ṣe rí nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé á tòrò.”

Ẹ̀rín pa Josivan, ó dìde lójijì, ó fi orí gbá tábìlì. Ojú ni ìfẹ́ ń gbà wọlé sára àwọn ẹlòmíràn. Ti Josivan, àtàrí ló gbà. Kókó rẹ̀ kò lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, èmi ni mo fi bọ́tà pa á.

Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ti ṣíwọ́ lábẹ́ ọ̀pẹ, Ednalva á gba ilé kọ̀ǹpútà lọ. Josivan á máa tẹ lẹ́tà funfun sójú dúdú, ó ń wá ètò kékeré tí yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà mọ káàdì ohùn tó wà níkùn rẹ̀. Ó tú u, ó tò ó. Ní ọjọ́ kọkànlá ló tó ṣí ojú ewé kan tí òpó ohùn, èyí tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè tàbí sílẹ̀, wà lórí rẹ̀, ó rí i pé gbogbo òpó náà ló wà nílẹ̀ pátápátá, wọ́n sì ti ẹnu wọn pa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bí ètò náà sáyé, ní títì lẹ́nu, kó má bàa pariwo mọ́ olówó rẹ̀ lójijì.

“Ìyẹn ni pé ọjọ́ mọ́kànlá lẹ fi ń tú ohun tí kò bàjẹ́?” Ednalva béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ ò sì tijú àtisọ fún mi.”

“Ojú ń tì mí gan-an. Ṣùgbọ́n ta ni mo tún fẹ́ sọ fún?”

Josivan ní kó kọrin sínú ẹ̀rọ. Ednalva kọ orin èkùrọ́ wa, kọ̀ǹpútà sì kọ ọ́ padà fún un. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ṣé bí mo ṣe ń dún nìyẹn?”

“Bó o ṣe ń dún nìyẹn. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ títí irun mi á fi funfun.”

Ẹ ò rí i pé ọmọkùnrin yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọjọ́ kejì ló wá bá mi nídìí ààrò, ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun bá Lindaura sọ̀rọ̀. Mo se ìrẹsì pẹ̀lú ìṣápá àti edé gbígbẹ, mo gbé e lọ.

Lindaura wo abọ́, ó wo ojú mi. “Comadre, ìwọ kì í gbé oúnjẹ rìn lásán. Ta ló kú, àbí ta ló fẹ́ gbéyàwó?”

“Kò sẹ́ni tó kú.”

“Ọ̀pá ìpẹja yẹn ni?”

“Òun ni.”

“Ọkùnrin tí kò lè gbé kùmọ̀. Bí ebi bá dé, ṣé kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa sè jẹ?”

“Ebi mọ ilé àwa tá a lè gbé kùmọ̀ náà, Lindaura.”

Ó ń fi ìka tọ́ ìṣápá wò. Nígbà tó yá, ó ní, “Gerôncio ti sọ̀rọ̀. Ẹnu tirẹ̀ ni. Bí mo bá fa ọmọ fún ọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀, a jẹ́ pé mo ti gbà pé kò ní í padà wá mọ́. Má fi ipá mú mi gbà á, Comadre.”

Mo fi abọ́ náà sílẹ̀ fún un, mo gba ilé lọ. 

Osmarino, ọkùnrin kan ní abúlé kejì, ń lọ síbi góòlù ní oṣù yẹn. Mo kó ọ̀rọ̀ náà sí i létí: Josivan, ọmọ Bacabal, ń tọrọ Ednalva, kí Gerôncio sọ̀rọ̀. Josivan náà kọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú bébà fún un. Osmarino kò mọ̀wé, ìdí nìyẹn tí kì í fi í gbàgbé nǹkan. Oṣù márùn-ún kọjá. Lẹ́yìn náà ni ìwé kan dé sínú kọ̀ǹpútà Josivan láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Paramaribo, olú ìlú Suriname. Kò gbọ́ èdè wa dáadáa, ó kọ ọ́ ní gígé-gígé: Gerôncio wà nílé ìwòsàn. Ibà. Ó fẹ́ bá ilé sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́ta ọ̀sán, orí kọ̀ǹpútà.

Ednalva kò lè jẹun láti Ọjọ́bọ̀. Ó wá jókòó sẹ́sẹ̀ mi.

“Madrinha, bó bá ní rárá ńkọ́?”

“Ọmọ tó ti pé ogún ọdún, rárá kò lè pa á.”

“Kì í ṣe ìyẹn nìkan.” Ó ń fi èékánná ha ilẹ̀. “Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ju kí n gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ lọ. Mo ti ń wá a nínú orí mi, n kò rí i mọ́.”

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Josivan dán kọ̀ǹpútà wò lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ohùn ń jáde, ohùn ń wọlé. Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ wá sọ fún un pé ó ku nǹkan kan. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà náà, orúkọ ẹni tó bá sì ṣí i ni yóò hàn lójú ẹ̀rọ ẹni tó wà lódìkejì. Ó ní kò yẹ kí bàbá rí orúkọ ẹni tó ń tọrọ ọmọ kó tó rí ti ọmọ. Ó dá orúkọ sílẹ̀ fún Ednalva nínú ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ tí yóò máa fi ṣí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló fi hàn án.

“Èmi nìkan ni mo ni ín?” Ednalva ń fi ìka kan àwọn lẹ́tà náà lójú gíláàsì.

“Ìwọ nìkan.”

Èmi tí mo ti lọ́kọ méjì, ìyarun kan ṣoṣo ni ẹ̀bùn tí mo rí gbà. Mo wo ọmọ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Lẹ́yìn Máàsì a kóra jọ, orúkọ Ednalva la sì fi ṣí kọ̀ǹpútà. Lindaura jókòó sí iwájú, Ednalva lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi ẹlẹ́rìí dúró lẹ́yìn wọn. Josivan dúró sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí mo bá a lọ̀. Kò sí ẹ̀rọ ayàwòrán lọ́dọ̀ tiwa, nítorí náà àwa ni a máa rí Gerôncio, òun kò ní í rí wa. Aago mẹ́ta lù, ojú rẹ̀ yọ. N kò dá a mọ̀. Awọ ló lẹ̀ mọ́ egungun, ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n bí epo pupa.

“Ẹ súre fún mi, Bàbá,” Ednalva wí, bí gbogbo ọmọ wa ti í wí kí ọ̀rọ̀ mìíràn tó tẹ̀lé e.

Ètè Gerôncio mì. A kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọwọ́ Josivan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ṣí ojú ewé òpó ohùn, gbogbo wọn ló wà lókè, gbogbo wọn ló ṣí. Ó yọ okùn, ó ki í padà. Òógùn ń kán sórí bọ́tìnnì. Ó tẹ̀wé ránṣẹ́ pé a kò gbọ́.

“Ta lò ń kọ̀wé sí?” Lindaura ní. “Gerôncio ò mọ̀wé.”

Gerôncio ṣáà ń sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ pẹ́. Ó gbé ìka kan sókè, ó mi orí, ó tún mi orí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Lindaura ń pariwo, “Gerôncio, sọ ọ́ sókè,” bí ẹni pé òkè ni ọ̀rọ̀ náà há sí. Gerôncio fa aṣọ ìbora bo ojú. Àwòrán náà wá dúró gbagidi, ó sì kú. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́rú ni ìwé nọ́ọ̀sì dé. Gerôncio ti kú.

Ilé tí òkú kò dé, tí a kò rí ibojì gbẹ́, ọ̀fọ̀ ibẹ̀ kì í mọ ibi tí yóò jókòó sí. Lindaura wọ dúdú. Ní ọjọ́ keje, lẹ́yìn àdúrà, ó sọ níwájú gbogbo wa pé, “Ó mi orí. Gbogbo yín lẹ rí i. Ó ní rárá.”

“Ó mi orí lọ́jọ́ tí mo gbé Ednalva kúrò nínú omi ìsàmì pẹ̀lú,” mo ní. “Ayọ̀ ni tọjọ́ yẹn.”

“Mo bá ọkùnrin yẹn sùn fún ọdún mẹ́rìndínlógún, Comadre. Mo mọ èyí tó jẹ́ rárá.”

“Orí mímì kọ́ la fi ń dáhùn níbí, ìwọ náà mọ̀.”

“Bí a ò bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu rẹ̀, kò tíì fi í fúnni nìyẹn.”

Josivan ti dìde lẹ́bàá ògiri. Ojú rẹ̀ funfun bí eérú. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìpè náà lòun rí ohun tó fà á. Kọ̀ǹpútà náà ní orúkọ àwọn tó gbà láyè láti fọwọ́ kan ohùn. Orúkọ tòun wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìdánwò fi yọrí. Orúkọ tóun dá fún Ednalva kò sí níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo lòun ìbá tẹ̀ kí orúkọ náà fi wọlé.

“Ìyẹn ni pé ọwọ́ rẹ lo fi di ọkọ mi lẹ́nu,” Lindaura wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Dona Lindaura.”

Kò bú u. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ fọ́ èkùrọ́ nínú aṣọ ọ̀fọ̀, a sì gbọ́ kùmọ̀ rẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Kò kọrin. Ìka rẹ̀ méjì fọ́ lọ́dún yẹn.

Ednalva kò fi Josivan sílẹ̀. Ó ní, “Ó sọ òtítọ́, Madrinha. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́.” Ilé mi ni wọ́n ti ń rí ara wọn, tábìlì wà láàárín wọn, èmi wà nídìí ààrò tí mò ń ṣe bí adití. Wọ́n ń dúró kí ọdún ọ̀fọ̀ parí, bóyá Lindaura á rọ̀.

Oṣù kẹrìnlá lẹ́yìn ikú Gerôncio ni Osmarino dé láti ibi góòlù, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀. Ilé Lindaura ló gbà lọ tààrà. Gbogbo wa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí Josivan wá tún òrùlé ṣe, Lindaura sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó mu kọfí nínú ilé. Mo bu kọfí fún Osmarino, ó fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn.

“N kò lè mu kọfí nílé tí wọ́n ti jẹ́ kí ọkùnrin kú láìdá a lóhùn.”

“Kí lò ń sọ?” Lindaura béèrè.

“Ibùsùn tó tẹ̀lé ti Gerôncio ni mo wà, igi ló wó lù mí lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ náà síwájú rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Gerôncio rí orúkọ Ednalva tó kọ sójú rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n kà nìyẹn, ó ní bébà rẹ̀ lápò láti ọjọ́ tó ti kúrò níbí. Ó ní, ‘Wọ́n wà níbẹ̀, Osmarino, ọmọ mi wà níbẹ̀.’ Ó kí yín, kò sẹ́ni tó jẹ́. Ó ní, ‘Ednalva, mo rí orúkọ rẹ, kí ló dé tó ò fọhùn? Lindaura, mo mọ̀ pé mo pẹ́. Bú mi, ṣùgbọ́n fọhùn.’ Ó bẹ̀ yín bí ẹrú. Ó gbé ìka kan sókè pé ọ̀rọ̀ kan péré tó òun. Nígbà tó yá, ó ní, ‘Wọn ò fẹ́ dá mi lóhùn,’ ó sì fa aṣọ bojú. Kò tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí tó fi kú.”

“Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tí mo rán ọ ńkọ́?” mo bi í.

“Mo jẹ́ ẹ fún un. Ó ní òun á kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọmọ òun ná. Kò dé orí ẹ̀.”

Ednalva yíjú sí Josivan. “Ṣé o mọ̀ pé kò gbọ́ wa?”

Josivan gbé ife kọfí dání, kò lè gbé e sílẹ̀. “Mo mọ̀. Ohun tó tì í lẹ́nu fún wa, òun náà ló tì í létí sí ohùn wa.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ kẹta yẹn.”

“O wá sọ ìdajì fún wa.”

“Mo rò pé ìdajì yẹn ti tó ẹrù fún yín.”

Ednalva gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó da kọfí inú rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì yà lọ́nà fún un kí ó lè jáde.

Oṣù mẹ́rin kò bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, Josivan á wá dúró sẹ́nu ọgbà wọn. Ednalva á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Ó ń fọ́ èkùrọ́ ju gbogbo wa lọ, á sì béèrè lọ́wọ́ mi nígbà míì, “Madrinha, bí ènìyàn bá ń dáàbò bo ẹnì kan pẹ̀lú irọ́, ṣé ìfẹ́ ni?”  Mo ní orin fún òjò, mo ní orin fún ìyàn, n kò ní orin fún ìyẹn. Josivan bẹ àwọn tó rán an wá pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n gbà fún un. Ọkọ̀ akẹ́rù ọjọ́ Ẹtì ni yóò gbé e.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lábẹ́ ọ̀pẹ, Lindaura gbé kùmọ̀ sílẹ̀.

“Ednalva, ọ̀pá ìpẹja ń lọ lọ́la.”

“Mo gbọ́.”

“Ó ń dúró sẹ́nu ọgbà. O mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, o ò fọhùn. Irú ẹ̀ ni bàbá rẹ kú sínú rẹ̀.”

Ọmọ náà dúró pẹ̀lú kùmọ̀ lókè.

“Gerôncio ò sọ pé rárá,” Lindaura ní. “Èmi ni mò ń sọ ọ́ sí i lẹ́nu. Mo fẹ́ kó ti sọ nǹkan kan ni. Bó tilẹ̀ jẹ́ rárá ni, mo fara mọ́ ọn. Lọ bú ọmọkùnrin yẹn, bó bá jẹ́ èébú lo ní. Ṣáà má dákẹ́ mọ́ ọn.”

Ednalva lọ. Mo tẹ̀lé e dé ẹ̀yìn fèrèsé, n kò ní í purọ́ fún yín. Josivan ń di aṣọ sínú páálí.

“Mi ò tíì dárí jì ọ́,” Ednalva wí.

“Mo mọ̀.”

“Mo kàn ní kí n fi ẹnu mi sọ ọ́ fún ọ ni.”

“O ṣeun.” Ó jókòó sórí páálí náà, ó sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

“Bó o bá tún gbé ọ̀rọ̀ kan pamọ́ fún mi, torí pé o rò pé ó wúwo—”

“Mi ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Màá gbé e. Ó lè fọ́ mi léjìká, màá gbé e. Má wọ ọkọ̀ lọ́la.”

Ní ọjọ́ Àìkú, Josivan wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó dúró níwájú Lindaura, ó béèrè. Kò tíì sí obìnrin tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí lábúlé wa. Lindaura dìde nínú aṣọ dúdú rẹ̀. “Mú un. Lindaura ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe Gerôncio. Comadre, o gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

Ìgbéyàwó náà kò ní ìlù, kò ní ijó. Ednalva wọ aṣọ aláwọ̀ eérú. Nígbà tí àlùfáà bi Josivan bóyá ó gbà, ó dáhùn jẹ́jẹ́. Nígbà tó bi Ednalva, kò fèsì. Àlùfáà tún un bi. Josivan ń wo ilẹ̀. Ọmọ mi yíjú kúrò lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ó kọjú sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣí sílẹ̀ sí ọ̀nà, ó fa èémí, ó sì ké pé òun gbà, bí ẹni tó ń pe èrò tó wà lódìkejì odò ńlá. Àwọn ajá gbó níta. Àlùfáà sún sẹ́yìn. Ednalva ṣì kọjú sí ilẹ̀kùn náà, ó tẹ́ etí bí ẹni tó ń retí ohùn bàbá rẹ̀, ó dúró díẹ̀ sí i, kí ó tó yíjú padà sí ọkọ rẹ̀.